Omi Tí Ìyá Ọlọ́tí Bù Sápá Kan

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pọn ọtí ọkà nílé, kò di ọtí. Kóńgò ọkà bàbà mẹ́ta ni mo rà. Mo rẹ ẹ́, mo jẹ́ kó hù, mo sá a sóòrùn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ni mo ṣe. Nígbà tó kan iná, mo po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, mo gbé gbogbo rẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń rò ó títí ó fi hó. Ó ki bí ẹ̀kọ, ó sì ń ta sánsán bí ẹ̀kọ. Mo bò ó di ọjọ́ kejì, mo tọ́ ọ wò, kò dùn. Ní ọjọ́ kẹta ó kan, àmọ́ kò hó, kò sì sí agbára ọtí kankan lára rẹ̀. Mo dà á nù. Ó dùn mí, torí ọkà wọ́n, mo sì ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan tọ́jú rẹ̀.

Mo rò ó fún ìyá kan ní Sàkí, tó ti ń pọntí kí wọ́n tó bí mi. Wọn kò bi mí léèrè ọkà, wọn kò bi mí léèrè oòrùn. Wọ́n ní, “Omi òkè rẹ̀ ńkọ́, ọmọ mi? Ibo lo bù ú sí?”

Mi ò mọ omi tí wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ omi yẹn ni mo fẹ́ sọ níbí, torí pé láti ọjọ́ tí ìyá ti fi hàn mí ni mo ti ń rí i nínú gbogbo ìròyìn iléeṣẹ́ ọtí tí mo bá kà, títí kan èyí tó jẹ mọ́ dọ́là àti ọjà ìpín ìdókòwò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ẹnu wa ná. Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ ìnáwó ńlá, wọn kì í ní wọ́n ra ọtí. Wọ́n ní wọ́n pọntí, wọ́n rokà. Lónìí, ọkọ̀ ló ń já páálí bíà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kó o sínú bàsíà pẹ̀lú yìnyín, alága ìjókòó á sì tún gba máíkì, á ní àwọn ẹbí ti pọntí, wọ́n ti rokà. Kò parọ́. Ọ̀rọ̀ náà ló rántí iṣẹ́ tí àwa ti gbàgbé. Ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ ṣáájú ìnáwó ni àwọn obìnrin ilé ti máa ń rẹ ọkà sómi. Bí wọ́n bá fi àgbàdo ṣe é, ó di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọkà bàbà, ó di ọtí ọkà, tí àwọn ará òkè ọya ń pè ní bùrùkùtù. Pito ni wọ́n ń pè é ní Gánà. Ní àríwá ilẹ̀ Benin, láti Parakou dé Natitingou, tchoukoutou ni. Orúkọ yàtọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó ti ìkòkò kan á mọ ìkòkò yòókù.

Kí ló dé tí ọkà fi gbọ́dọ̀ hù kó tó di ọtí? Ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí kékeré tí ojú kò rí, ló ń sọ omi dídùn di ọtí. Ṣúgà ló ń jẹ. Ọkà gbígbẹ kò ní ṣúgà tó tó nǹkan, sítáàṣì ló kún inú rẹ̀, ìwúkàrà kò sì lè jẹ sítáàṣì. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti kan hóró ọkà, tó sì mọ̀ pé àsìkò tó láti hù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńsáìmù. Ẹ́ńsáìmù yìí ni ọ̀bẹ tí yóò fi gé sítáàṣì inú ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó lè di ṣúgà, kí èéhù rí oúnjẹ jẹ kó tó yọ ewé. Apọntí á jẹ́ kí ọkà pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ tán, á wá fi oòrùn dá a dúró kó tó lò ó. Ohun tí òyìnbó ń pè ní malt nìyẹn, ì báà jẹ́ ní Sàkí, ì báà jẹ́ ní Jámánì.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìyá rẹ ọkà tí mo bá wọn ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n gbọ́n omi rẹ̀ dànù, wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, wọ́n da ọkà lé e, wọ́n fi àpò tútù bò ó. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni wọ́n ń wọ́n omi sí i. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó ní kí n ti ọwọ́ mi bọ̀ ọ́. Ó gbóná! Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkà tó ń hù máa ń gbóná báyẹn, bí ara ọmọ tí ibà mú. Ìyá ní bí ó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú á jóná, kò ní dùn mọ́, nítorí náà wọ́n tú u ká, wọ́n sì tún tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n bu ìkúnwọ́ kan, wọ́n gbé e símú. Ó ń rùn bí koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Bí ó bá ń rùn bí aṣọ tó bu, tí ojú rẹ̀ sì dúdú tàbí tó ṣe bí ewé, wọ́n á dà á nù láìwẹ̀yìn, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Èébu ara ọkà kì í ṣe ohun tí iná ń pa oró rẹ̀ tán. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń pọntí lóde òní gbọ́ èyí, pàápàá àwọn tí ń fi ọkà olówó pọ́ọ́kú ṣe é.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, gbòǹgbò gbogbo hóró náà ti lọ́ mọ́ra wọn bí ẹní. Wọ́n já a sí wẹ́wẹ́, wọ́n sá a sórí àpáta fún ọjọ́ méjì. Bí ó ti gbẹ, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, wọ́n fẹ́ ẹ, èéhù àti gbòǹgbò bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo bi wọ́n pé ṣé torí ẹwà ni. Ìyá ní kí n bi àwọn Fúlàní. Màlúù tó bá jẹ èéhù ọkà bàbà tútù lè kú lójú ẹsẹ̀, gbogbo darandaran ló mọ̀ ọ́n. Sáyánáìdì ni májèlé tó ń jáde látinú èéhù náà. Gbígbẹ, fífẹ́ àti sísè ni kì í jẹ́ kó dé inú igbá wa.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti lọ ọkà náà ní ìlọkúlọ̀ọ́, kò kúnná. Wọ́n dà á sínú ìkòkò ńlá, wọ́n da omi tútù lé e, wọ́n wá mú ọ̀pá ilá tí wọ́n ti gún, tó ń yọ̀ gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀, wọ́n rò ó mọ́ ọn. Ilá yẹn ló ń fa èérún kéékèèké mọ́ra, tí ń wọ́ wọn lọ sísàlẹ̀. A jókòó. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó tó bíi wákàtí kan, ìdajì ìkòkò tó wà lókè ti tòrò, ó pọ́n díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan igbá epo. Ìyá mú igbá, wọ́n rọra bu omi tó tòrò yẹn, igbá kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n dà á sínú àmù, wọ́n dé e, wọ́n gbé e jìnnà sí iná. Wọ́n wò mí. “Òun nìyẹn.”

Èyí tó ki nísàlẹ̀ ni wọ́n gbé kaná. Wọ́n rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ títí ó fi jinná dáadáa, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n jẹ́ kó mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ìka ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́, wọ́n ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n yọ ọ́. Ó yá nìyẹn. Bí èèyàn kò bá lè ka ẹ̀ta, ó ṣì gbóná jù. Bí ó bá kà dé márùn-ún láìyọwọ́, ó ti tutù jù. Wọ́n gbé omi inú àmù, wọ́n dà á padà lé e lórí, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n bò ó di àárọ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ rèé. Ẹ́ńsáìmù tí ọkà fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ti yọ́ sínú omi òkè náà. Iná ń pa á. Ṣùgbọ́n sítáàṣì tó wà nísàlẹ̀ kò lè ṣí sílẹ̀ fún ọ̀bẹ kankan láìjẹ́ pé iná kọ́kọ́ sè é. Ọkà báálì tí àwọn òyìnbó fi ń pọn bíà kò fún wọn ní wàhálà yìí, torí sítáàṣì tirẹ̀ ń ṣí ní nǹkan bí 60°C, nígbà tí ẹ́ńsáìmù ṣì wà láàyè, ìkòkò kan sì tó wọn. Ti ọkà bàbà di nǹkan bí 70°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ́ńsáìmù á sì ti kú kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá sè é pọ̀, bí mo ti ṣe, á pa òṣìṣẹ́ kó tó gbé iṣẹ́ fún un. Ẹni tí kò bá sè é rárá, iṣẹ́ ò ní ṣeé ṣe. Àfi kó bu òṣìṣẹ́ sápá kan, kó se iṣẹ́, kó wá pe òṣìṣẹ́ padà nígbà tí iná ti rọlẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n ìgbóná nílé ìyá, wọn kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù rí. Ìka tí wọ́n fi ka ẹ̀ta yẹn ni àwọn ìyá ìyá wọn fi lé wọn lọ́wọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ wọ́n fún mi mu. Ó dùn bí oyin tí wọ́n pò mọ́ omi ọsàn, ó sì kan díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Àwọn tí kì í mu ọtí ní àdúgbò, àwọn onímàle àti àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti má mutí, máa ń wá ra ìwọ̀nba kan nínú rẹ̀ báyìí kó tó di ọtí. Wọ́n sẹ́ èyí tó kù, èérí rẹ̀ di ti ewúrẹ́. Wọ́n se omi náà fún wákàtí púpọ̀, wọ́n ń gbá ìfófó rẹ̀ kúrò, wọ́n sì jẹ́ kó tutù wọ́ọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí i. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni ìwúkàrà wà. Kpètè-kpètè ni wọ́n ń pe tiwọn ní Benin, kò sì sí apọntí níbẹ̀ tó jẹ́ jẹ́ kí tirẹ̀ tán. Nígbà tí mo jí lóru, mo gbọ́ ìkòkò náà tí ń dún ṣìì ṣìì, bí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ewé gbígbẹ.

Nǹkan bí ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára irú ọtí yìí. Ọjọ́ kan tàbí méjì ló fi ń dára, torí àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú rẹ̀ kò kú, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ títí ọtí á fi kan gógó. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú ìgò ní ilé ìtajà. Ìdí sì nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kà á sí ohun tálákà, tí wọ́n sì ń fojú fo ìyá tó ṣe é. Inú mi kì í dùn sí i.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní iléeṣẹ́ Nigerian Breweries l'Ékòó. Guinness kọ́ tirẹ̀ sí Ìkẹjà lọ́dún 1962. Ní Iléṣà, International Breweries bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Trophy lọ́dún 1978. Malt ọkà báálì tó ń wá látòkè òkun ni gbogbo wọn gbójú lé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ tí owó òkèèrè sì di ọ̀wọ́n, ìjọba fòfin de kíkó malt báálì wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988. Ẹni tó bá fẹ́ máa pọn bíà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ lọ wá ọkà ilẹ̀ yìí.

Àwọn onímọ̀ wa ti ń múra sílẹ̀. Ní FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì, wọ́n ti ń dán ọkà bàbà wò. Ní 1980, àwọn onímọ̀ méjì, Okafor àti Aniche, ti tẹ ìwádìí jáde pé èèyàn lè fi ọkà bàbà Nàìjíríà pọn láágà. Àwọn olùwádìí ní Samaru, Zaria, ní irúgbìn kan tí wọ́n ń pè ní SK 5912, tó dára fún malt. Ọkà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ débi ìkòkò, wọ́n bá ohun tí mo bá nílé mi pàdé: sítáàṣì tí kò ṣí kí òṣìṣẹ́ tó kú. Mímú ọkà bàbà hù ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù sì ń jẹ ọkà, ó ń jẹ àkókò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yan ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ra ọkà tí kò hù rárá, wọ́n sè é, wọ́n sì ra ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ṣe ní òkè òkun, tó lè fara da iná, wọ́n dà á sí i.

Ìgbà tí ó yé mi, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Omi òkè tí ìyá bù sápá kan láìná kọ́bọ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ń fi owó òkèèrè rà. Mi ò bá wọn wí. Bíà wọn gbọ́dọ̀ mọ́ bí omi ẹ̀rọ, kó rí bákan náà ní Kánò àti ní Abẹ́òkúta, kó sì dúró fún oṣù púpọ̀ nínú ìgò. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe pẹ̀lú, torí kò sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó yí gbogbo bíà rẹ̀ padà kúrò lórí báálì láàárín ìgbà kúkurú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba sì tún ṣílẹ̀kùn fún báálì lẹ́yìn náà, ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò wọn mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìròyìn iléeṣẹ́ ọtí ọdún 2024 fi le tó bẹ́ẹ̀, kó rántí ohun tí wọ́n ń rà lókèèrè. Náírà já, gbèsè owó òkèèrè wọn wú. Nígbà yẹn ni Nigerian Breweries kéde pé àwọn yóò dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní méjì nínú iléeṣẹ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ní. Ọdún kan náà ni Diageo, iléeṣẹ́ òkèèrè tó ni Guinness, ta ìpín tó pọ̀ jù nínú Guinness Nigeria fún iléeṣẹ́ Tolaram. Lọ́sẹ̀ tí mo gbọ́ ìròyìn yẹn, ìyá pọntí. Owó ọkà gun, wọ́n dín ìwọ̀n igbá kù díẹ̀, àwọn oníbàárà ráhùn, wọ́n sì mu ún.

Ìròyìn kejì ni ti àwọn ilé ìpọntí kékeré, irú èyí tí wọ́n ń pe ọtí wọn ní craft beer. Bature Brewery, tó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá kó tó dé Èkó, wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà ní Nàìjíríà. Wọ́n ń pọn díẹ̀, wọ́n ń pọn oríṣiríṣi, ẹni tó sì pọn ọ́n lè dúró síwájú rẹ kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Níbi àwọn ayẹyẹ ìtọ́wò bíà, ohun tí àwọn èèyàn ń sanwó fún ni pé kí wọ́n rí ojú ẹni tó pọn ohun tí wọ́n ń mu, kí wọ́n gbọ́ ibi tí ọkà ti wá, kí wọ́n mu ún kó tó pẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ọtí tí mo bá ìyá pọn hó tán, lábẹ́ igi máńgòrò wọn, mo rí gbogbo rẹ̀. Àwọn bíríkìlà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn àgbẹ̀ ti oko dé. Bàbá àgbàlagbà kan ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ kó tó gbé ahá sẹ́nu. Ẹnì kan ní ọtí tòní kan ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, ìyá sì dá a lóhùn pé ọkà oko tuntun ni, òjò pa á kí wọ́n tó kó o wọlé. Gbogbo ìjókòó mọ oko tí wọ́n ń wí.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ apọntí wa ni pé kí wọ́n wá jókòó síbẹ̀. Malt báálì àti hops, òdòdó ilẹ̀ òtútù tó ń fún bíà ní ìkorò, ni ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí kékeré kárí ayé fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ Nàìjíríà ti ṣèwádìí lórí ewúro àti orógbó pé wọ́n lè rọ́pò hops, ẹni tó bá sì ti jẹ ọbẹ̀ ewúro mọ̀ pé ìkorò náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2006 ni Anheuser-Busch gbé Redbridge, bíà ọkà bàbà, jáde fún àwọn tí gluten inú báálì ń ṣe ní jàǹbá. Ọkà wa kò ní in rárá. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Lùkùmí, ìran Yorùbá ibẹ̀, ṣì ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí wọ́n ń pè ní cheketé. Àgbàdo, ọsàn kíkan àti ṣúgà pupa ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń gbé e síwájú òrìṣà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé e síwájú Ọ̀ṣun nílé. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn sọdá òkun nínú ẹ̀wọ̀n, orúkọ ọtí àgbàdo sì bá wọn dé ọ̀hún.

Oṣù kan lẹ́yìn ìgbà tí mo kúrò ní Sàkí, mo tún rẹ kóńgò mẹ́ta. Ìyá ti di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbígbẹ fún mi sínú ewé. Nígbà tí omi tòrò, mo bù ú sínú ike, mo gbé e sórí fèrèsé, mo ro èyí tó kù lórí iná. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo kà dé ẹ̀ta. Láàárọ̀, mo tọ́ ọ wò pẹ̀lú ṣíbí kí n tó fọ ẹnu. Ó dùn. Ó dùn gan-an.

Mo gbé ìgò méjì lọ fún wọn lọ́jọ́ tó hó, mo tú ìdérí díẹ̀ kó má baà fọ́ lójú ọ̀nà. Ìyá da díẹ̀ sínú ahá, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n mu ún, wọ́n mi orí. Wọ́n ní mo sá ọkà jù, mi ò sì fẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ tán, àwọn gbọ́ ọ lẹ́nu. Wọ́n mu èyí tó kù nínú ahá náà tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n wọn ọkà fún mi láti inú àpò tiwọn.

“Gba èyí. Rẹ ẹ́ lálẹ́ òní.”